Ọdún Kan Lábẹ́ Agogo Àwọn Sístà ní Bouaké

Orúkọ ìlú Bouaké kò ṣàjèjì sí etí ọmọ Nàìjíríà mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, orí pápá ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Pápá Àlàáfíà ní ìlú náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Super Eagles ti fi pẹnáritì ṣẹ́gun South Africa, tí tọmọdé tàgbà sì tú sí ìgboro láti Èkó dé Ìlọrin. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí lọ́jọ́ náà, wọn kò rí ìlú. Wọn kò mọ̀ pé lórí pápá kan náà yẹn ni wọ́n ti kó ìbọn jọ, tí wọ́n sì dáná sun ún ní ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 2007, láti fi han gbogbo ayé pé ogun tí ó pín Côte d'Ivoire sí méjì fẹ́ dópin.

Ohun mìíràn tún wà ní Bouaké tí amóhùnmáwòrán kì í gbé jáde, nítorí pé kì í pariwo. Ohun náà ni agogo ilé-ìwé àwọn Sístà. Agogo náà ti ń dún kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun dé, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ń dún títí di òní olónìí. Ó yẹ kí gbogbo òbí tí ó bí ọmọbìnrin gbọ́ ìtàn ọdún kan lábẹ́ agogo yìí. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọdún kan lè kó wọ inú ayé ọmọ kò lè mọ iye ohun tí ó ń sọnù bí ọdún kan ṣoṣo bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bouaké ni ìlú kejì tí ó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire. Abidjan nìkan ni ó jù ú lọ. Àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà ni ó wà, lórí ilẹ̀ àwọn Baoulé, ó sì tó nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan. Ojú irin tí àwọn Faransé ń tẹ́ bọ̀ láti etí òkun dé ibẹ̀ ní ọdún 1912, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ Gonfreville fi tẹ̀dó sí ìlú náà. Òwú, iṣu, kajú àti ọjà ni ó sọ Bouaké di ńlá. Àwọn Dioula onísòwò wà níbẹ̀, àwọn ará Mali àti Burkina Faso wà níbẹ̀, àwọn Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Anango náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò dáadáa mọ ìdí tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro ibẹ̀ bí ẹni gbọ́ Yorùbá. Àtìrandíran ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, láàárín ìlú wọn àti Côte d'Ivoire. Nígbà tí ìjọba Ghana sì lé àwọn àjèjì ní ìparí ọdún 1969, ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ náà dé bá yí ojú sí ọ̀nà Abidjan.

Ọ̀nà tí àwọn Sístà gbà dé Côte d'Ivoire gba ẹ̀yìnkùlé Yorùbá kọjá. Ní ọdún 1876, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ni Fadá Augustin Planque dá ẹgbẹ́ àwọn Sístà Màríà Ìyá Àwọn Àpọ́sítélì sílẹ̀. Ó ti hàn sí i pé bí Fadá bá dá lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà láìsí obìnrin tí yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin, ìdajì iṣẹ́ ni yóò ṣe. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1877, àwọn Sístà náà ti gúnlẹ̀ sí Èkó, níbi tí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà wálé ti ń dúró de ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn. Àwọn ni wọ́n gba ọmọbìnrin Èkó sínú ilé-ìwé kọ́ńfẹ́ǹtì St. Mary's. Àwọn kan nínú wọn tún ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Sacred Heart tí Fadá Jean-Marie Coquard dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1895. Àwọn kan náà ni wọ́n fi ìdí St. Teresa's College múlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1932. Ìyá àgbà tí ó bá jáde níbẹ̀, a máa ń mọ̀ ọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti nínú bí ó ṣe ń tẹ́ ibùsùn.

Ọdún 1895 yẹn gan-an ni àwọn Fadá méjì, Matthieu Ray àti Émile Bonhomme, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Grand-Bassam láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ Kátólíìkì ní Côte d'Ivoire. Àwọn Sístà tẹ̀lé wọn ní ọdún 1898. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n dé tí ibà pọ́njú fi bẹ́ sílẹ̀ ní Grand-Bassam, tí ó pa òyìnbó bí ẹni pa ẹṣinṣin, tí ìjọba Faransé fi kó olú-ìlú wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí Bingerville. Àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn náà kò padà sílé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìjọ náà ń gòkè láti etí òkun, títí ó fi dé ilẹ̀ àwọn Baoulé. Póòpù sọ Bouaké di ìlú bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1955, ó sì di ìlú bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní ọdún 1994. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ọkùnrin ti Benedict, tí wọ́n wá láti Toumliline ní Morocco, tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ ìlú náà ní ọdún 1960. Àwọn ẹgbẹ́ Sístà oríṣiríṣi náà ń bẹ níbẹ̀. Àwọn kan gbájú mọ́ àdúrà, àwọn kan ń tọ́jú aláìsàn, àwọn kan sì ń kọ́ ọmọ níwèé.

Kí ni ọdún kan rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Oṣù kẹsàn-án ni ọdún ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òjò kejì ń rọ̀ lọ́wọ́. Bàbá tàbí ìyá a mú ọmọ lọ́wọ́, a mú ìwé orúkọ àwọn ìwé tí ó gbọ́dọ̀ rà dání, a sì tò sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá ilé-ìwé. Àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù àti funfun onígun mẹ́rin kéékèèké, èyí tí gbogbo Côte d'Ivoire mọ̀ mọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ owó ni ó kọ́kọ́ ń wáyé. Lójú àgbẹ̀ tí ó ń gbin kajú, oṣù kẹsàn-án kì í ṣe oṣù owó rárá. Láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún ni kajú ń jábọ́, tí oníbàárà ń wá sí oko. Nítorí náà, ọmọ a wọlé lórí àdéhùn, owó a sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Sístà tí ó bá ń tọ́jú ìwé owó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà òjò àti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò lé ọmọ ọlọ́mọ sílé ní oṣù kọkànlá nítorí owó tí ó ṣì wà lórí igi.

Agogo ni ó ń darí ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn Sístà ti jí fún àdúrà òwúrọ̀ àti Máàsì. Kí oòrùn tó gbóná, àwọn ọmọ ti tò sí àgbàlá. Agogo méjìlá ọ̀sán a lù, àdúrà Áńjẹ́lì a wáyé, oúnjẹ a tẹ̀lé e: attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tàbí ìrẹsì, tàbí foutou iṣu, tí Yorùbá bá rí i yóò pè é ní iyán láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn tí ó ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé a kàwé lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà tí àwọn Sístà fi ń gbàdúrà alẹ́. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti jẹ́jẹ̀ẹ́ mẹ́ta: wọn kò ní kó ohun ìní jọ, wọn kò ní lọ́kọ, wọn yóò sì gbọ́ràn sí ẹni tí ó bá rán wọn níṣẹ́. Ọmọdé kò ka ẹ̀jẹ́ mẹ́ta yìí nínú ìwé. Ojú ni ó fi ń rí i. Ó ń rí obìnrin tí ó ń ṣe ọ̀gá láìsí ọkọ lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń bá kọ́ńtírátọ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì, tí ó tún ń gbálẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí náà, bí kò tilẹ̀ sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ni àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, ìjọba Côte d'Ivoire sì ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ti àwọn òkú. Àwọn ẹbí a lọ tún ibojì ṣe, a tan àbẹ́là. Kò ṣòro fún ọmọ Baoulé láti lóye èyí, bí kò ṣe ṣòro fún ọmọ Yorùbá tí ó mọ ohun tí ẹni tí ó lọ jẹ́ sí ẹni tí ó kù. Ọjọ́ 15 oṣù kan náà ni Ọjọ́ Àlàáfíà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Oṣù kejìlá a dé pẹ̀lú ọyẹ́ tí ń ti aṣálẹ̀ bọ̀, ètè a máa bẹ́, eruku a bo tábìlì. Ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ni àjọ̀dún Màríà Aláìlábàwọ́n, ọjọ́ tí ilé kọ́ńfẹ́ǹtì kì í fi ṣeré. Lẹ́yìn náà ni èsì ìdánwò sáà àkọ́kọ́ ń jáde. Lórí 20 ni wọ́n ń gba máàkì ní ilẹ̀ àwọn tí ó ń sọ Faransé. Ẹni tí kò bá ti ní 10 ti mọ̀ pé Kérésìmesì òun kò ní dùn tó ti ẹlòmíràn.

Ọmọ Mùsùlùmí kò ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí, nítorí pé ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ni Bouaké. Bàbá tí ó ń kírun márùn-ún lójúmọ́ a mú ọmọ rẹ̀ tọ Sístà lọ, ohun tí ó ń fẹ́ kò sì ju ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìwé kíkà lọ. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáànì àti ààwẹ̀ Ọgójì Ọjọ́ bá bọ́ sí àkókò kan náà, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025, ilé ìdáná a dákẹ́ ju bí ó ti máa ń rí lọ. Ọmọ kan a máa wo ìgbà tí oòrùn yóò wọ̀, èkejì a máa ka ọjọ́ tí ó kù kí Àjíǹde dé. Yorùbá tí ó ní ẹ̀gbọ́n Mùsùlùmí àti àbúrò Kìrìsítẹ́nì nínú agboolé kan náà mọ irú ìgbé ayé yìí. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àjíǹde ni ọba gbogbo àjọ̀dún lórí ilẹ̀ Baoulé. Paquinou ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe àwọn onígbàgbọ́ nìkan ni ó ń ṣe é. Ọmọ Baoulé tí ó wà ní oko kòkó ní ìwọ̀-oòrùn, èyí tí ó ń wa ọkọ̀ ní Abidjan, èyí tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ọ́fíìsì, gbogbo wọn ni yóò darí wálé. Wọn a sin òkú tí wọn kò tíì ṣe ẹ̀yẹ rẹ̀ tán, wọn a parí ìjà ẹbí, wọn a dá owó jọ fún kànga tàbí fún òrùlé ilé-ìwé. Ọmọbìnrin tí ó bá ti kọ́ńfẹ́ǹtì padà sí abúlé ní ọ̀sẹ̀ yìí ni àwọn àgbà máa ń pè láti ka lẹ́tà fún wọn, kí ó sì ṣírò owó tí wọ́n dá. Ibẹ̀ ni abúlé ti ń rí èrè owó tí ó san.

Ó yẹ kí a rántí ìtàn tí ó bí orúkọ Baoulé náà. Wọ́n ní nígbà tí Ayaba Abla Pokou ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá fún ogun láti ilẹ̀ Ashanti, wọ́n dé etí odò Comoé, odò sì kún. Odò béèrè ọmọ. Pokou fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì rékọjá. Láti inú igbe tí ó ké pé ọmọ náà ti kú ni wọ́n ti mú orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní. Ta ni Yorùbá tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí Mọrèmi àti Olúorogbo ní Ilé-Ifẹ̀? Ìyá méjì ni wọ́n, odò méjì ni, ọmọ kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi ra ìlú rẹ̀ padà. Àwọn méjèèjì ni a ń yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀: ìgbà wo ni ìlú yóò dẹ́kun láti máa fi ọmọ san gbèsè àgbà?

Lẹ́yìn Àjíǹde, ọdún a máa sáré. Oṣù karùn-ún jẹ́ ti Màríà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ a kó òdòdó sí ẹsẹ̀ ère rẹ̀, a sì máa ka Rósárì. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn nínú oṣù náà sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ àwọn ìyá. Oṣù kẹfà àti oṣù keje jẹ́ ti ìdánwò. CEPE ni ti àwọn tí ó ń parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, BEPC ni ti àwọn tí ó ti lo ọdún mẹ́rin ní ilé-ìwé gíga, BAC sì ni ìdánwò tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì. Ẹni tí kò bá yege yóò padà sí kíláàsì kan náà. Fún ọmọkùnrin, ọdún kan tí a tún ṣe jẹ́ ìtìjú tí yóò gbàgbé. Fún ọmọbìnrin, a lè má fún un ní ọdún náà mọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń bọ̀ lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ nílò ẹni tí yóò dúró ti àtẹ, àbúrò bàbá sì ti ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn èyí ni ìsinmi ńlá. Ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ni àyájọ́ òmìnira tí Côte d'Ivoire gbà ní ọdún 1960, ọjọ́ 15 sì ni àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà sí ọ̀run. Àkókò ìsinmi yìí ni àwọn Sístà ń wọ inú ìdákẹ́jẹ́ fún àdúrà. Àwọn tuntun a jẹ́jẹ̀ẹ́, lẹ́tà a sì dé láti ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà pé ẹni kan ń lọ sí Korhogo, ẹlòmíràn ń bọ̀ ní Bouaké. Àpótí kan ṣoṣo ni ẹni tí ó ń lọ máa ń gbé. Bí oṣù kẹsàn-án bá tún dé, agogo a tún lù. Bí ọdún kan ṣe ń yí nìyẹn.

Ní ọdún 2002, kò yí. Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òbí ń ra ìwé tuntun fún ọmọ, àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀ mọ́ ìjọba Ààrẹ Laurent Gbagbo, ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Ítálì lọ́jọ́ náà. Wọn kò rí Abidjan gbà, ṣùgbọ́n wọ́n gba Korhogo, wọ́n sì gba Bouaké. Ilé-ìwé kan wà ní Bouaké nígbà náà tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ míṣọ́nárì Pùròtẹ́sítáǹtì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Amẹ́ríkà. Ìbọn ń kọjá lórí ògiri wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun Faransé wọlé, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà jáde. Gbogbo ayé rí wọn lórí amóhùnmáwòrán bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́ láti inú ọkọ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ Baoulé, ọmọ Dioula àti ọmọ Anango tí wọ́n wà ní àdúgbò Koko tàbí Dar-es-Salam kò ní ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá gbé wọn.

Ní oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ ogun ìjọba gbìyànjú láti gba ìlú náà padà, wọn kò rí i gbà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìdákẹ́ ìbọn ní ọjọ́ 17 oṣù náà, orílẹ̀-èdè sì pín sí méjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn kúrò ní Bouaké lọ sí ìhà gúúsù, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Olùkọ́ ìjọba kúrò, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìjọba ni owó oṣù rẹ̀ ti ń wá. Yunifásítì Bouaké kó lọ sí Abidjan. Nínú àwọn Fadá àti Sístà, àwọn kan lọ, àwọn kan dúró. Ní ilé Saint-Camille, níbi tí Grégoire Ahongbonon, ọmọ bíbí agbègbè Kétu ní Benin tí ó ti ṣe iṣẹ́ fọkanáísà rí, ti ń tọ́jú àwọn wèrè tí ẹbí wọn fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ igi, iṣẹ́ kò ṣeé pa tì, nítorí pé wèrè kì í dúró kí ogun parí.

Ní ti ìwé, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ka ìwé díẹ̀, àwọn mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka yunifásítì lọ́wọ́, dìde láti kọ́ àwọn àbúrò wọn láìgba owó oṣù. Wọ́n ṣí kíláàsì níbi tí òrùlé bá wà. Ní gúúsù, ìjọba ṣí ilé-ìwé ọ̀sán fún àwọn ọmọ tí ogun lé dé, kí wọ́n lè lo yàrá tí àwọn ẹlòmíràn lò ní òwúrọ̀. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà láìsí ìdánwò dà bí oko tí a ro tí a kò kórè. Abidjan ni àṣẹ ìdánwò wà, ìjọba kò sì ní ọwọ́ ní Bouaké. Ìdánwò ń fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, títí tí ó fi jẹ́ pé ọdún 2006 ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìhà àríwá tó jókòó ṣe ìdánwò tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́. Ní àkókò ogun náà, àgọ́ ọmọ ogun Faransé wà ní Lycée Descartes, ilé-ìwé tí ó ti di bárékè. Ní ọjọ́ 6, oṣù kọkànlá, ọdún 2004, ọkọ̀ òfurufú ìjọba ju bọ́ǹbù sí i, ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti ará Amẹ́ríkà kan sì kú. Ilé tí a kọ́ fún ọmọ láti kàwé ni àgbà ti ń para wọn.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọdún 2006 tó parí. Nínú ọdún mẹ́rin yẹn, ó yẹ kí ó ti gba BEPC. Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lè padà jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké, wọn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, yóò sì gbà á. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti lóyún, tàbí bí ó bá ti ń bọ́ ilé pẹ̀lú àtẹ ata, ta ni yóò wá a wálé? Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ouagadougou ní oṣù kẹta ọdún 2007, ìbọn jóná lórí pápá ní oṣù keje rẹ̀. Ìjà lórí ìdìbò tún bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2010, ó sì pa ju 3,000 ènìyàn lọ. Yunifásítì padà sí Bouaké, ó sì gba orúkọ Alassane Ouattara ní ọdún 2012. Ilé tún padà, orúkọ tún padà. Ọdún ọmọ kì í padà.

Kò yẹ kí a fi ìyìn bo àléébù. Ẹ̀sùn kò jìnnà sí ilé-ìwé kọ́ńfẹ́ǹtì. Àwọn kan ní owó rẹ̀ ga ju apá tálákà lọ, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Ìjọba Côte d'Ivoire máa ń fún àwọn ilé-ìwé ìjọ Kátólíìkì ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n bí owó náà bá pẹ́, olùkọ́ a dá iṣẹ́ sílẹ̀, òbí ni gbèsè sì ń wọ̀ lọ́rùn. Àwọn mìíràn ní àwọn ilé-ìwé náà kọ́ ọmọ láti kórìíra èdè ìyá rẹ̀. Ní ayé ìjọba amúnisìn, tí ó sì wà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní ilé-ìwé ìjọba àti ti ìjọ, wọn a fi àmì kan kọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀. Yóò gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣẹ̀ bí òun. Ẹni tí wọ́n ti na ní ilé-ìwé Nàìjíríà nítorí pé ó sọ Yorùbá kò ní béèrè ìtumọ̀ ìyẹn. Ìpalára ni, kò sì dáa láti fi ọ̀wọ̀ fún àwọn Sístà pa á mọ́.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọn ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí ó dára yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni ilé náà fi gbọ̀nà mìíràn. Ìgbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni ìjọba Côte d'Ivoire ṣe òfin pé dandan ni kí gbogbo ọmọ láti ọdún mẹ́fà dé mẹ́rìndínlógún wà ní ilé-ìwé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí òfin yẹn tó dé tí àwọn Sístà ti ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń bẹ bàbá kí ó yọ̀ǹda ọmọbìnrin rẹ̀.

Àwọn Yorùbá wa tí wọ́n wà ní ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ fetí sí èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ó kọ́ ilé sí Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin láti inú òwò Côte d'Ivoire ni ó kọ́ ọ pẹ̀lú òógùn ara rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tí ó ń kiri ọjà fún un. Ilé dára. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi ọdún ilé-ìwé ọmọ kọ́, ọmọ náà ni ó san owó rẹ̀. Bí ogun bá sì dé, bí ó ti dé Bouaké, olè lè kó ọjà, iná lè jó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè lé àjèjì. Ìwé tí ó wà nínú orí ọmọ kì í gba ibodè ní ẹrù.

Kò sì yẹ kí àwọn tí ó wà nílé rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Côte d'Ivoire nìkan ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin 276 lọ ní Chibok. Ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ilé-ìwé Kátólíìkì St. Mary's ní Papiri, ní Ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n sì kó ju 200 akẹ́kọ̀ọ́ lọ, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn. Wọ́n rí wọn gbà padà kí Kérésìmesì tó dé, Ọlọ́run sì ni ọpẹ́ yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó wọ inú àwọn òbí kò tíì jáde, ẹ̀rù yẹn sì ni ọ̀tá ìwé tí ó burú jù lọ. Bàbá tí ó bá ń bẹ̀rù yóò sọ pé kí ọmọ jókòó sílé fún ọdún kan ná. Ìtàn Bouaké ti fi hàn wá ohun tí ọdún kan ná máa ń dà.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti dárúkọ. Kí ìjọba dáàbò bo ilé-ìwé bí ó ṣe ń dáàbò bo báńkì àti ilé gómìnà. Kí ìjọ àti àwọn onílé-ìwé rántí pé owó àgbẹ̀ ní àsìkò tirẹ̀, kí wọ́n má lé ọmọ nítorí èso tí kò tíì gbó. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ìlú òkèèrè, tí wọ́n ń dá owó fún òkú àti fún oyè, ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọbìnrin tí ó fẹ́ já ní àárín ọdún. Kí ìyá tí ó ní àtẹ wo ọmọ tí ó dúró ti àtẹ náà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé agogo mélòó ni ó ti lù lónìí. Pokou fi ọmọ lélẹ̀ nítorí pé odò kún, kò sì sí afárá. Lónìí, àwa ni a ń kọ́ afárá, àwa náà ni a sì ń wó o. Ẹni tí ó bá mú ọmọbìnrin kan la ọdún kan já láìjẹ́ kí ó sọnù ti kọ́ tirẹ̀.